"Jókòó": Ọ̀rọ̀ Kan Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá gbọ́ èyí tí ojú mi rí ní súkúù ní táàmù tó kọjá. Mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo ti sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń wọ mọ́tò láàárọ̀, síbẹ̀ àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá rántí. Ta ló lè rò pé "jókòó" lásán-làsàn lè fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn?

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí pèèjì yìí, tísà Yorùbá ni mí. Ìwàrò-Ọ̀kà nílẹ̀ Àkókó ni mò ń gbé, Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní súkúù Kátólíìkì kan tí ọkùnrin àti obìnrin ti jọ ń kàwé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fún mi ní ìnagijẹ tí wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Àǹtí Arọ́pò-orúkọ ni wọ́n ń pè mí! Nítorí pé tí ọmọ kan bá fi "o" bá àgbà sọ̀rọ̀ dípò "ẹ" nínú àròkọ, mi ò ní jẹ́ kó sinmi. Ẹ fi ìnagijẹ yẹn sọ́kàn, ó máa tó dójú tì mí.

Nígbà tí táàmù bẹ̀rẹ̀, ìròyìn kàn wá pé wọ́n fẹ́ tún kọríkúlọ́ọ̀mù súkúù wa tò. Ní kíláàsì kékeré, gbogbo ọmọ ló ń ṣe Yorùbá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dé kíláàsì àgbà, ẹni tó bá wù ú ló ń ṣe é, àwọn tó ń wù kò sì pọ̀. Àwọn òbí ní kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn mìíràn ní èdè Faransé ni. Ní ìpàdé òbí àti tísà, bàbá kan dìde, ó ní kí ni Yorùbá fẹ́ ṣe fún ọmọ tó ń lọ sí Kánádà. Mo fẹ́ bi í pé èdè wo ló fi tọrọ ìyàwó tó jókòó tì í yẹn, ṣùgbọ́n tísà ni mí, mo gbé e mì.

Prínsípà wa, Sístà kan tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Benue, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, òyìnbó ló máa ń sọ, nítorí pé Yorùbá tó gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" lọ. Ó sọ fún mi pé Fadá tó ń bójú tó àwọn súkúù ìjọ ní agbègbè wa ń bọ̀ wá jókòó sí kíláàsì. Ẹ̀kọ́ tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n máa yọ ọ́ kúrò lórí táìmùtébù kíláàsì àgbà. Ó ní òun ò ní fi bò fún mi, Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ.

Ṣé ó yé yín? Kíláàsì kékeré ti ní tísà tirẹ̀. Tí wọ́n bá yọ Yorùbá kúrò ní kíláàsì àgbà, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Kí n máa gbálẹ̀ lábù? Mo ní ọmọ méjì ní yunifásítì, ọkọ mi sì ti fẹ̀yìn tì. Yorùbá nìkan ni mo kà, òun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò sùn dáadáa mọ́.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Àkókó, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye díẹ̀. Yorùbá inú ìwé ní kí ẹ máa sọ "ẹ" fún àgbà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú tiwa, ẹnì kan, ẹnì kan ni. "O" ni fún ọmọ, "o" ni fún bàbá, "o" náà ni fún ìyá tó bí ìyá ẹni. Kì í ṣe àfojúdi rárá! Orúnkún wa la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ohùn wa tó rẹlẹ̀ la fi ń bọ̀wọ̀. Àwọn ará ìlú mìíràn bíi Ọ̀yọ́ ló máa ń gbọ́ ọ tí wọ́n á ní àwa ò lẹ́kọ̀ọ́. Kódà àwọn ìlú kan wà láàárín wa tí Yorùbá kì í ṣe èdè tí wọ́n fi tọ́ wọn, súkúù ni wọ́n ti ń bá a pàdé.

Ó dáa. Ọjọ́ tí Fadá ń bọ̀ pé. Ẹ̀kọ́ wo ló bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn nínú síléèbù? Arọ́pò-orúkọ! Inú mi dùn, mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Orí ẹ̀kọ́ tí mo lè kọ́ lójú oorun ni wọ́n fẹ́ bá mi.

Ọmọ kan wà ní SS2 tí mo gbójú lé. Mojísọ́lá lorúkọ rẹ̀, Mojí la ń pè é. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Ugbe, láti ibẹ̀ ló ń wá sí Ìkàrẹ́ lójoojúmọ́. Ọmọ yẹn mọ Yorùbá débi pé nígbà míì èmi gan-an á lọ yẹ ìwé wò lẹ́yìn ìbéèrè rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ máa ka ìròyìn lédè Yorùbá lórí rédíò. Ní ìsinmi ọ̀sán, ẹ máa bá a lẹ́yìn kíláàsì tó ń ka ìròyìn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìgò omi ló máa ń dì mú bíi gbohùngbohùn. Tí wọ́n bá yọ Yorùbá, ibo ni ọmọ yẹn fẹ́ gbà?

Fadá dé. Ọkùnrin gíga, ó sanra díẹ̀, súútánà funfun, ọmọ ìlú Ọ̀yọ́ pọ́nńbélé. Ní àsẹ́ḿbílì, Yorùbá ló fi gbàdúrà, ó dùn létí bí ẹní ń mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀. Mo ní, ha, ẹni wa ni! Ẹni tó fẹ́ràn Yorùbá tó báyìí kò lè yọ Yorùbá.

Kíláàsì mi ló kọ́kọ́ wọ̀. Àwọn ọmọbìnrin wà lápá ọ̀tún, àwọn ọmọkùnrin lápá òsì, gbogbo wọn jókòó bí ère. Sístà bá a wá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo kọ́ wọn, mo bi wọ́n, wọ́n dáhùn. Mo pe Mojí sí bọ́ọ̀dù pé kó ṣàlàyé arọ́pò-orúkọ ẹnì kejì. Ọmọ náà kọ "o" fún ẹyọ, ó kọ "ẹ" fún ọ̀pọ̀, ó wá fa ìlà sábẹ́ "ẹ". Ó ní a tún máa ń lò ó fún ẹyọ ẹnì kan tó bá ju ni lọ, láti fi bu ọlá fún un. Ó fún wọn ní àpẹẹrẹ: "Bàbá, ẹ wá jẹun." Fadá pàtẹ́wọ́! Àyà mi rọ̀, mo sọ nínú ara mi pé ó ti parí.

Ó ti parí? Kò tíì bẹ̀rẹ̀!

Fadá dìde, ó bọ́ síwájú, ó ní òun náà ní ọ̀rọ̀ fún wọn. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Iná ò sí, fáànù dúró gbagidi lókè, páànù orí ilé sì ti ń gbóná. Òógùn ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀, ó ń fi aṣọ ìnujú nù ún, kò pẹ́, aṣọ ìnujú náà rin. Mo rí i, ṣùgbọ́n ta ni mí tí mo máa dá Fadá dúró?

Mojí rí i náà. Ó dìde pẹ̀lẹ́, ó lọ gbé àga mi, ó gbé e sẹ́yìn Fadá, ó fi ọwọ́ nu orí àga náà, ó wá kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì ló fi kanlẹ̀ o! Ó fi ohùn tó rọ̀ jù lọ sọ pé:

"Fadá, jókòó. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín "kẹ̀ẹ̀" lápá òsì, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Fadá wò ó nílẹ̀, ó bi í pé kí ló wí. Ọmọ mi rò pé kò gbọ́ ni! Ó gbé ohùn sókè:

"Mo ní ko jókòó, Fadá! Ó ti rẹ̀ ọ́ jù!"

Yéè! Ẹ gbà mí! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo ń ṣẹ́jú sí i, mo ń fi ẹnu sọ "ẹ, ẹ, ẹ" láìjẹ́ kí ohùn jáde. Kò tiẹ̀ wò mí. Fadá ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ọmọ tó ṣe ohun rere.

Fadá kò jókòó. Ó na ìka sí bọ́ọ̀dù. Ó ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ yẹn pé "ẹ" ni ti àgbà, òun náà ló yíjú padà tó ń pàṣẹ fún àlùfáà Ọlọ́run bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìyẹn ì bá sàn. Ó mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni! Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Mojí nígbà yẹn. Fadá ní kó jáde lọ dúró sí iwájú ọ́fíìsì prínsípà, kí wọ́n sì pe òbí rẹ̀ wá. Ó wá kọjú sí mi. Kò pariwo o, ìyẹn gan-an ló ba mí lẹ́rù. Ó ní òun máa wo lábù àti yàrá kọ̀ǹpútà, tó bá di ọ̀sán, òun á sọ ohun tí òun rí.

Sístà tẹ̀ lé e jáde, ojú rẹ̀ rí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀!

Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pè mí. Ó bi mí pé kí ni ọmọ yẹn sọ. Mo ní ó sọ fún Fadá pé kó jókòó, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Sístà ní, àbùkù wo ló wà níbẹ̀? Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá bá mi ṣàlàyé "o" àti "ẹ" lédè òyìnbó! Èdè tó jẹ́ pé "you" ni Póòpù, "you" ni ewúrẹ́! Mo ṣe é títí, ó wá yé e díẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

Ó ní Fadá ti sọ fún òun nínú lábù pé Yorùbá tí kò bá lè kọ́ ọmọ ní ọ̀wọ̀, kí ni wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún un ṣe. Ó ní ó jọ pé ó ti pinnu. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Kí n sọ fún Fadá pé mo kọ́ wọn dáadáa, pé ọmọ yìí ni olórí kunkun, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá a jà lórí ìwà rẹ̀. Wọ́n á ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á padà wá. Ẹ̀bi á kúrò lórí ẹ̀kọ́, á bọ́ sórí ọmọ, Yorùbá á sì dúró.

Kí n má purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi! Mo rò ó. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Iṣẹ́ mi á dúró, owó súkúù àwọn ọmọ mi á dúró. Mojí ṣì kéré, á gbàgbé. Àbí kò ní gbàgbé?

Mo jáde sí kọ́rídọ̀. Mojí dúró ti ògiri, ojú rẹ̀ ti wú. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀. Ó bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò ní gbàgbé láéláé. Ó ní:

"Ma, ṣé ibi tí mo gbé àga sí ni kò dáa?"

Ẹ gbọ́ o! Ọmọ náà kò mọ̀! Ó mọ òfin "ẹ" bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àánú Fadá ṣe é, kì í ṣe ẹnu súkúù ló fi sọ̀rọ̀. Ẹnu tó fi ń tọ́jú ìyá rẹ̀ àgbà nílé ló fi sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àbójútó èèyàn, ta ló ń rántí gírámà? Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Mo ní kó dìde, pé àga dáa.

Ọ̀kadà kan ya wọ gééètì. Ìyá Àgbà Mojí ló gbé dé. Oko ni ìpè ti bá a, amọ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi ìborí di ìbàdí. Ohun tí wọ́n sọ fún un lórí fóònù kò ju pé ọmọ rẹ̀ bú Fadá lọ. Ọmọ ìjọ gidi ni ìyá yìí, ìlẹ̀kẹ̀ rósárì wà lọ́rùn rẹ̀. Kí ọmọ òun bú Fadá?

Mo fẹ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fẹ́ sọ fún un pé, màmá, ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá wọlé, "ẹ" ni kí ẹ máa sọ o. Mi ò rí àyè. Fadá ti jókòó sí ọ́fíìsì, Sístà ti ń fi ọwọ́ pè wá.

Bí Ìyá Àgbà ṣe wọlé ló wó lulẹ̀ lórí orúnkún.

"Fadá, mo bẹ̀ ọ́! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́! Má lé ọmọ mi. Ulé mi ló ti dàgbà, èmi ni ko bá wí. Fadá, ṣàánú mi, dákun, má bínú. O kú uṣẹ́ Olúwa."

Orí mi fò lọ! Gbogbo "o" àti "ọ" tó ń jáde lẹ́nu ìyá yìí, bíi kí n sáré fi ọwọ́ bò ó. Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dáná sí i. Ó wá ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà ló sì ń dá! Ojú Fadá le. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ọmọlúàbí ni, ó ní "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ṣùgbọ́n ó wo Sístà bí ẹni pé kó rí i fúnra rẹ̀, pé láti ilé ni.

Ó wá bi mí. Ó ní òun ò fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Ṣé mo kọ́ ọmọ yìí, tó kọ̀ láti gbọ́, àbí mi ò kọ́ ọ?

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Sístà ń wò mí, ó mi orí díẹ̀ pé kí n sọ ọ́ bí a ṣe sọ ọ́. Mojí wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà ṣì wà lórí orúnkún, kò dìde. Ọ̀rọ̀ tó máa gba iṣẹ́ mi là ti wà lórí ahọ́n mi: olórí kunkun ni. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni.

Mo wo orúnkún ìyá yẹn lórí símẹ́ńtì. Ìyá tó bí mi náà rí bẹ́ẹ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé:

"Fadá, gbọ́ mi ná! Ìyá yìí ò bú ọ! Ọmọ yẹn ò bú ọ!"

Mo gbọ́ ara mi.

Èmi! Tísà Yorùbá! Àǹtí Arọ́pò-orúkọ fúnra rẹ̀! Lójú Fadá, níwájú prínsípà, ní ọjọ́ tí wọ́n wá wo iṣẹ́ mi! Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́. Fadá dìde dúró. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ títí di òní, nítorí pé agogo dún.

Agogo ọ̀sán ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé súkúù Kátólíìkì rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Tí agogo yẹn bá ti dún, ibi tí oníkálukú bá wà ló máa dúró sí, a ó ka Áńgẹ́lúsì, àdúrà ọ̀sán tí a fi ń kí Màríà lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo súkúù dákẹ́, àwọn ọmọ dìde nínú kíláàsì. Ìbínú tàbí kò sí ìbínú, Fadá fi àmì àgbélébùú sára. Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀ bíi ti àárọ̀, àwọn ọmọ sì ń gbè é láti kíláàsì.

Fadá bẹ̀rẹ̀ ìkíni àkọ́kọ́: "Mo kí ọ, Màríà, o kún fún oore-ọ̀fẹ́..."

Etí mi là gbòò. Mo kí Ọ! O kún! Ìyá Jésù ló ń bá sọ̀rọ̀! Láti kékeré ni mo ti ń kà á, àní mo lè kà á lójú oorun. Mo gbé ojú sókè wo Fadá, ẹ̀rù sì bà mí pé ó máa rí i lójú mi. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé.

A dé ìkejì. "Mo kí ọ, Màríà..." Ohùn Fadá falẹ̀. Ojú rẹ̀ là. Ìyá Àgbà ni ohùn rẹ̀ ga jù nínú yàrá yẹn, ó ń sunkún, ó ń kí Ìyá Olúwa ní "ọ", bó ṣe kí Fadá náà ní "ọ", orúnkún kan náà, ohùn kan náà.

A dé ìkẹta. Fadá ní, "Mo kí..."

Ó dúró.

Ó kàn dúró ni. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ohùn ò jáde. Mo rò pé àìsàn ni. Ìyá Àgbà, tó rò pé Fadá gbàgbé, bá a parí rẹ̀ láti ilẹ̀: "Mo kí ọ, Màríà!" Gbogbo súkúù gbà á láti ojú fèrèsé, ọkùnrin àti obìnrin, bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù. Fadá gbè é pẹ̀lú àwọn yòókù ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ títí tó fi parí.

A ṣe Àmín. Sístà ń wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, kò mọ ohun tó jẹ́. Fadá jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:

"Ọdún mélòó ni mo ti ń ka àdúrà yìí? Mi ò gbọ́ ọ rí."

Ó dìde, ó wá síwájú Ìyá Àgbà, ó mú un lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbé e dìde. Ó ní kí Mojí padà sí kíláàsì, kò sí ẹni tó máa lọ jókòó sílé. Kò tọrọ àforíjì o, ẹ má jẹ́ kí n fi ẹ̀tàn bá yín sọ̀rọ̀. Fadá ni Fadá. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ wọ mọ́tò rẹ̀, ó pè mí, ó bi mí bóyá nínú síléèbù kíláàsì àgbà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀ka-èdè, bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ Yorùbá tirẹ̀. Mo ní ó wà níbẹ̀, wọ́n kàn máa ń sáré fò ó ni, nítorí pé kì í sábà jáde nínú ìdánwò. Ó ní kí n má fò ó mọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo fẹ̀ ẹ́, mo nà án, "ẹ" yẹn gùn tó òpó iná!

Ṣé ẹ rò pé ọkàn mi balẹ̀? Rárá o. Títí táàmù fi parí ni mo ń retí pé wọ́n máa fún mi ní lẹ́tà. Ìgbà tí táìmùtébù tuntun jáde, mo sáré lọ wò ó. Yorùbá wà níbẹ̀. Ìkẹyìn ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fi sí, nígbà tí oòrùn máa ń mú, tí ebi máa ń pa ọmọ, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Bàbá Kánádà ṣì ń rojọ́ nípàdé. Kó máa rò ó lọ!

Ìyá Àgbà fi iṣu ránṣẹ́ sí mi. Mojí sì dára sí i ju ti tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ́ wọn ní ẹ̀ka-èdè, mo ní kí oníkálukú sọ bí wọ́n ṣe ń kí bàbá àgbà nílé rẹ̀. Kíláàsì yẹn gbóná! Àwọn ọmọ tí kì í dáhùn rí ló ń jà láti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Mojí na ọwọ́ sókè, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn. Ó ní, "Ma, tí mo bá wá dé inú ìdánwò àṣekágbá ńkọ́? Tí wọ́n ní kí n bá àgbà sọ̀rọ̀, èwo ni kí n kọ?"

Mo ní, "Kọ 'ẹ' síbẹ̀ jàre! Ẹni tó máa máàkì rẹ̀ kì í ṣe Ọlọ́run!"

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí o, ẹ̀yin èèyàn mi: kí ẹ tó ní ọmọ kan kò lẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo orúnkún rẹ̀, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ bèèrè ilé tó ti wá. Ọ̀wọ̀ kì í gbé inú lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tísà ẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́ wọn ní Yorùbá inú ìwé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi gba ti ìyá wọn lẹ́nu wọn.

Ó ku tiyín. Ọ̀rọ̀ ìlú yín wo ló ti kó yín sí wàhálà rí níwájú ẹni tí kò gbọ́ ọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí gbogbo wa kà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kó máa bá a lọ, mi ò ní pe òbí rẹ̀!